Bí Ẹgbẹ́ Ìlú Ṣe Lè Fi AI Wá Owó Láìba Orúkọ Ara Rẹ̀ Jẹ́

Ní ilẹ̀ Ọ̀kun wa ní Ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, ó ṣòro kí èèyàn dé ìlú kan tí wọn kò ti máa dáwó fún nǹkan: òrùlé ilé ẹ̀kọ́, omi ẹ̀rọ, yàrá ìgbẹ̀bí, owó ilé ìwé ọmọ aláìlóbìí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló ń kọ létà, òun ló ń rán àwọn ará Àbújá àti Èkó létí, òun náà ló ń kọ ìròyìn sí àwọn tó wà lókè òkun. Wọn kì í san owó iṣẹ́ fún un. Ó lè jẹ́ tíṣà tàbí nọ́ọ̀sì tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu kó tó fọwọ́ kan ìwé ẹgbẹ́ lálẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni AI, ẹ̀rọ bíi ChatGPT tó ń báni kọ ọ̀rọ̀, wúlò fún, n kò sì rí ìdí tí a ó fi sọ pé kó má lò ó.

Àmọ́ AI kò dé ìlú yín rí. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

1. Ẹ pín iṣẹ́ kí ẹ tó ṣí fóònù

Ní ìpàdé, ẹ jọ fẹnu kò lórí ohun tí AI máa ṣe àti ohun tí kò ní fọwọ́ kàn. Ó lè kọ létà lákọ̀ọ́kọ́, kó gé ìròyìn gígùn kúrú, kó ṣàlàyé fún alága ohun tí àjọ ilẹ̀ òkèèrè kan ń béèrè nínú fọ́ọ̀mù olójú ewé ogún. Kì í ṣe òun ló máa yan ẹni tí ẹ máa ràn lọ́wọ́, kì í ṣe òun ló máa sọ iye tí ẹ ná.

Lẹ́yìn náà, ẹ yan ẹnì kan tó máa ka gbogbo nǹkan kó tó jáde. Ẹnì kan ni mo sọ, n kò sọ pé ìgbìmọ̀. Ohun tí gbogbo èèyàn bá ní láti wò, ẹnikẹ́ni kì í wò ó.

2. Ẹ yọ orúkọ kúrò

Ìwé akápò máa ń ní orúkọ, nọ́ńbà fóònù, iye tí kálukú dá, nígbà mìíràn nọ́ńbà àkáǹtì pàápàá. Ẹ má da irú ìwé bẹ́ẹ̀ sínú ChatGPT, Gemini tàbí Meta AI tó wà nínú WhatsApp. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Tinubu bu ọwọ́ lu òfin tó dáàbò bo ìsọfúnni àwọn èèyàn ní Nàìjíríà, àjọ Nigeria Data Protection Commission ló sì ń mójú tó o. Ẹgbẹ́ tó bá gba ìsọfúnni èèyàn sọ́wọ́, ojúṣe rẹ̀ ni láti pa á mọ́. Ọ̀rọ̀ àìlera àti ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wà lára ohun tí òfin náà ní kí a ṣọ́ jù. Bí ìsọfúnni bá jò lọ́nà tó lè ṣe àwọn tó ni ín ní jàǹbá, wákàtí 72 ni ẹ ní láti fi tó àjọ náà létí.

Ọ̀nà rẹ̀ kò le. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé náà, ẹ fi A1, A2, A3 rọ́pò orúkọ, ẹ pa nọ́ńbà fóònù àti ti àkáǹtì rẹ́, kí ìwé tó sọ ẹni tí A1 jẹ́ wà lọ́wọ́ akápò nìkan. Bí àwọn tó dáwó kò bá pọ̀, ẹ ṣọ́ra fún ohun mìíràn tó lè tú àṣírí: bó bá jẹ́ ọmọ ìlú yín kan ṣoṣo ló wà ní Houston, tí ẹ sì kọ Houston síwájú iye tó dá, ẹ ti dárúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ibì kan wà nínú ètò ChatGPT tí ẹ ti lè sọ pé kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ yín kọ́ ẹ̀rọ wọn. Ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ dá orúkọ padà síbẹ̀.

3. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí, kí ẹ tó ní kó kọ

Ibí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣubú. Ká ní atẹ́gùn ká òrùlé yàrá ìkàwé méjì ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìjùmú. Bí ẹ bá kàn ní kí AI kọ létà ìtọrọ owó fún òrùlé ilé ẹ̀kọ́, ohun tó máa gbé wá á dùn létí: àwọn ọmọ tó ń fẹsẹ̀ lásán rin kìlómítà mẹ́wàá, ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò rí ilé ìwé lọ, ìyá tó ń sunkún lójú ọ̀nà. Kò rí ìkankan nínú wọn. Ó kàn mọ̀ pé irú létà bẹ́ẹ̀ máa ń ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ìlú tó wà ní Gwágwáládà á kà á, á sì rántí pé ẹ̀yìnkùlé bàbá òun gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà. Láti ọjọ́ náà lọ, kò ní gba ohunkóhun tí ẹ bá kọ gbọ́.

Ẹ kọ ọ́ fún un báyìí dípò bẹ́ẹ̀:

*Kọ létà tí kò ju 200 ọ̀rọ̀ lọ sí àwọn ọmọ ìlú wa ní Àbújá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí: atẹ́gùn ká òrùlé yàrá ìkàwé méjì. Pírámárì kẹta àti ìkẹrin ti ń jókòó pọ̀ nínú yàrá kan báyìí. Tíṣà kan á dákẹ́ kí èkejì tó lè kọ́ni. Káfíńtà ti wò ó, ìwé iye owó tó kọ wà lọ́wọ́ akápò. Lo ohun tí mo sọ yìí nìkan. Má fi iye, orúkọ tàbí ìtàn kankan kún un. Níbi tí nǹkan bá ti kù, kọ "ẸJỌ̀Ọ́, Ẹ BÉÈRÈ" síbẹ̀.*

Tíṣà tó ń dákẹ́ de ẹnìkejì rẹ̀ yẹn ju gbogbo ẹkún inú létà àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó dé ibẹ̀ nìkan ló sì lè mú un wá.

Pẹ̀lú ìkìlọ̀ yẹn náà, ó ṣì lè fi tirẹ̀ kún un. Nígbà tí létà bá dé, ẹ mú bírò, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo iye, gbogbo ọjọ́, gbogbo orúkọ èèyàn àti ti ìlú. Ẹ béèrè lórí ìkọ̀ọ̀kan: ta ló sọ èyí fún wa? Èyí tí kò bá ti ní ẹni tó sọ ọ́, ẹ fagi lé e. Orúkọ ìlú wa máa ń dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́ gan-an. Ọ̀gìdì wà ní Ìjùmú, Ọ̀gìdì wà ní Anambra. Ìsánlú wà ní Yàgbà, Ìsánlú-Ìsin wà ní Kwara. Àwọn ìwé àtijọ́ tó kà sì ṣì lè pè wá ní ará Kwara, nítorí oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni Kogi tó dá dúró. Bí ẹ bá rí 501(c)(3) nínú létà, tàbí ìlérí pé ẹni tó bá dáwó á yọ ọ́ kúrò nínú owó orí rẹ̀, ẹ pa á rẹ́ kíá: òfin owó orí Amẹ́ríkà ni nọ́ńbà yẹn.

Ní ọdún 2023, adájọ́ kan ní New York bu 5,000 dọ́là ìtanràn lé àwọn agbẹjọ́rò tó kó ẹjọ́ tí ChatGPT hùmọ̀ wá sí kóòtù. Àjọ ìrànwọ́ tó bá rí iye tí kò sí níbì kankan nínú ìwé yín kò ní pè yín lẹ́jọ́. Wọn kò kàn ní dá yín lóhùn mọ́ ni.

4. Àwòrán: ẹ lọ yà á

Ní ọdún 2023 kan náà, Amnesty International, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, gbé àwòrán tí AI yà jáde nípa ìwọ́de tó wáyé ní Colombia ní 2021. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dáàbò bo àwọn tó jáde síta lọ́jọ́ náà ni. Èrò wọn kò burú, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn bínú, wọ́n sì yọ àwòrán náà kúrò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ni wọ́n fi àwòrán irọ́ jẹ́rìí sí. Bó bá lè ṣẹlẹ̀ sí àjọ tí gbogbo ayé mọ̀, ẹgbẹ́ ìlú kékeré kò ní ríbi sá sí.

Ẹ ya òrùlé náà. Ẹ ya bẹ́ǹṣì tí òjò ti bà jẹ́. Ẹ ya àwọn ọmọ láti ẹ̀yìn. Bí ojú ọmọ bá máa hàn, ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí, ẹ fi fọ́tò náà hàn án, ẹ sọ ibi tó ń lọ fún un. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ tíṣà ọmọ náà tàbí ẹni tó fẹ́ pín ìrẹsì ló máa lọ béèrè, nítorí ta ni yóò kọ̀ fún irú wọn? Kí AI tan ìmọ́lẹ̀ sí fọ́tò tó ṣókùnkùn, kò sí wàhálà. Kó fi omijé sójú ọmọ tí kò sunkún, irọ́ ni.

5. Èdè àti àsìkò

AI ń kọ Yorùbá, àmì ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣì. Ẹ má retí pé á sọ ẹ̀ka èdè wa, Owé, Yàgbà tàbí Bùnú, bí ìyá àgbà ṣe ń sọ ọ́. Lẹ́yìn tí létà bá ti dúró dáadáa, ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè ilé, kó fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́ sórí WhatsApp, kó fi "Ọ̀kun", ìkíni ilẹ̀ wa, kí wọn kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí AI bá sì bá yín to kàlẹ́ńdà ìkówójọ, ẹ ṣàtúnṣe sí i: ìgbà tí wọ́n bá ń ta kajú ni owó ń wọlé fún ará ilé, òpin oṣù ni ti àwọn tó ń gba owó oṣù. Kò mọ ìyẹn àfi bí ẹ bá sọ fún un.

6. Ẹni tí ẹ máa tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, àti bí ẹ ṣe máa dúpẹ́

Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó máa ń to àwọn olùdáwó sípò bí wọ́n ṣe lówó sí. N kò fẹ́ràn wọn fún ẹgbẹ́ ìlú. Opó tó ń mú ẹgbẹ̀rún kan wá lóṣooṣù á bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé, wọn ò sì ní pè é mọ́. Ẹ jẹ́ kí AI kàn sọ àwọn tí ẹ kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, A4, A9, A17, kí alága gbé fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. A rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́, páànù la fi rà." Ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń dá èèyàn lóhùn fúnra rẹ̀ síbi tí aláìsàn tàbí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ lè kàn sí. Àjọ kan ní Amẹ́ríkà tó ń ṣèrànwọ́ fún àwọn tí oúnjẹ jíjẹ ti di àìsàn sí lára gbìyànjú rẹ̀. Ní 2023, ẹ̀rọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn aláìsàn nímọ̀ràn bí wọ́n ṣe máa dín ìwọ̀n ara wọn kù, wọ́n sì sáré pa á.

7. Ẹ dènà ayédèrú ohùn

Ẹ̀rọ lè sín ohùn alága yín jẹ báyìí, kódà bí ohùn tó gbà sílẹ̀ kò bá gùn. Ẹ kéde nọ́ńbà àkáǹtì ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì sọ fún gbogbo èèyàn pé kò ní yí padà lórí WhatsApp láé, ẹni yòówù kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ nǹkan mìíràn, kó pe akápò lórí nọ́ńbà tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ kọ gbogbo ìpinnu yìí sínú ìwé ìpàdé, kí alága àti akọ̀wé bu ọwọ́ lù ú. Bí ẹ bá fi AI kọ létà, ẹ lè sọ ọ́ nísàlẹ̀ ní gbólóhùn kan, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí ẹ bá kan òrùlé náà tán, akápò ni kó ṣe ìṣirò owó. AI máa ń ṣi owó rò nígbà mìíràn láìjẹ́ pé ó fura, nítorí náà bó bá ti bá yín fọwọ́ kàn án rárá, ẹ fi ọwọ́ tún gbogbo rẹ̀ ṣírò kí ẹ tó kà á ní ìpàdé. Ẹ ya rìsíìtì páànù, ti ìṣó àti ti owó iṣẹ́ káfíńtà, kí ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ pẹ̀lú ìròyìn náà.