Kẹ́ẹ̀gì ìtọ̀ màámi: àyẹ̀wò kan, owó ẹ̀ẹ̀mẹta

Owó àyẹ̀wò ìtọ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo san án. ₦9,000 lọ́nà mẹ́ta, ₦27,000 géérégé, ká tó mọ bí kíndìnrín màámi ṣe ń ṣe sí. Gbólóhùn kan péré lẹni tó yẹ kó là á yé wa sọ: "Ẹ lọ gba ìtọ̀ wákàtí 24 wá." Kí n tó lanu, ó ti pe ẹni tó kàn.

Màámi ti pé ọdún 61. Adìrẹ ni wọ́n ń tà ní Ìtokù. Ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára wọn tipẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí ìtọ̀ wọn ń hó bí omi ọṣẹ, a gba ilé ìwòsàn lọ. Káàdì gbígbà, títo ìlà, ẹ̀jẹ̀ fífà, síkáànì, gbogbo ìyẹn lọ bó ṣe máa ń lọ. Ìtọ̀ ni wàhálà.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo ra kẹ́ẹ̀gì tuntun onílítà mẹ́rin. Aago mẹ́fà ìdájí, màámi jí, wọ́n tọ̀ sínú rẹ̀. A ń gbà á títí di aago mẹ́fà ọjọ́ kejì, mo gbé e lọ tayọ̀tayọ̀, mo sanwó, èsì jáde. Dókítà wo ìwé, ó ní ìtọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ jí tọ̀ ńkọ́, ṣé a dà á nù? Dà á nù kẹ̀! Mo ní gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, ẹ̀kán kan ò ṣòfò. Ó mirí. Èyí tí èèyàn jí tọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, òru àná ló ti kó jọ, kò sí nínú wákàtí 24 tí wọ́n fẹ́ kà. Ṣe là ń dà á nù, ká kọ aago tí a dà á nù sílẹ̀. Látìgbà yẹn lọ, gbogbo èyí tó bá jáde, inú kẹ́ẹ̀gì ni, títí kan èyí tí wọ́n máa jí tọ̀ lọ́jọ́ kejì ní aago kan náà. Ọ̀rọ̀ tí kò gba ìṣẹ́jú kan láti sọ nìyẹn o!

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo ṣe é bó ti yẹ. Mo kọ aago sára kẹ́ẹ̀gì. Àfi bí màámi ṣe ní oníbàárà àwọn kan ń bọ̀ láti Èkó, àwọn ò lè jókòó sílé. Mo ki kẹ́ẹ̀gì sínú báàgì dúdú fún wọn. Nígbà tí èsì dé, dókítà tún mirí. Ó ní creatinine inú ìtọ̀ náà kéré jù fún obìnrin tó tóbi tó wọn. Ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ sínú ìtọ̀ ni creatinine. Ẹran ara wa ló ń pèsè rẹ̀, iye tó sì ń pèsè lójúmọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Tó bá wá kéré tó báyìí nínú ìtọ̀ odindi ọjọ́ kan, a jẹ́ pé ìtọ̀ ò pé nìyẹn. Mo yíjú sí màámi. Àjà ni wọ́n ń wò.

"Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni," wọ́n ní. "Àbí kí n máa gbé kẹ́ẹ̀gì wọlé ìtọ̀ lójú àwọn ìyá ọlọ́jà?"

Ọpẹ́lọpẹ́ dókítà tó jókòó níbẹ̀. ₦18,000 ti wọlẹ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo ṣọ́ màámi bí ọlọ́pàá. Iná ò sí, bẹ́ẹ̀ ibi tútù ni ìtọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà. Mo ra áìsì bọ́lọ́ọ̀kù mẹ́rin lọ́wọ́ ìyá oní-píọ̀ wọ́tà, mo gbé kúlà jáde. Màámi figbe ta: "Kúlà ìrẹsì mi! Èyí tí mo fi gbé ọ̀fadà lọ síbi ìsìnkú bàbá ẹ àgbà!" Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì wọ kúlà. Lóru, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ìró sílípáàsì wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi iná fóònù ṣíwájú wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ku díẹ̀ kó pé lítà méjì. Mo gbé e gun Màrúwá láti Lafenwa, mo gbá a mọ́ra bí ọmọ ọwọ́. Ọkùnrin tó jókòó tì mí béèrè pé ṣé àgbo ibà ni, àti pé eélòó.

Púrótéènì tó wà níbẹ̀ jẹ́ mílígírámù 1,400. Nínú ìtọ̀ ọjọ́ kan, kò yẹ kó kọjá 150. Kíndìnrín ń jò.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí mo ti yan fanda. Creatinine inú ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ 1.6 ní láàbù àkọ́kọ́. Láàbù mìíràn kọ 141. Àbúrò mi obìnrin bú sẹ́kún lórí fóònù, ó ní màámi ti ń lọ. Mo wo àwọn lẹ́tà tó tẹ̀ lé nọ́ńbà: mg/dL ni ti àkọ́kọ́, µmol/L ni èkejì. Ẹ fi 88.4 sọ 1.6 di púpọ̀, 141 náà ni. Bí ẹni ń fi kóńgò wọn ìrẹsì tí ẹlòmíì ń fi kílò wọ̀n ọ́n. Nǹkan kan ò yí padà lára màámi.

Agbára kíndìnrín wọn, tí wọ́n ń pè ní eGFR, jẹ́ 36. Èyí tó bá wà lábẹ́ 60 fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́ta, àìsàn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni. Dókítà dín metformin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà wọn, kù sí ìdajì, ó fún wọn ní lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ní ká padà wá fa ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kí oògùn náà má lọ gbé potassium, èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀, sókè. Ó wá béèrè oògùn míì tí wọ́n ń lò. Màámi dákẹ́. Èmi ni mo tú u fó: diclofenac, oògùn ìrora, fún orúnkún, láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ti lé lọ́dún méjì, àti àgbo tí wọ́n ń fi tì í. Ọjọ́ yẹn la jáwọ́ nínú méjèèjì, torí wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́. Ká ní mo ti kó gbogbo oògùn wọn sínú ọ̀rá kan lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, bóyá à bá ti tètè mọ̀. Iyọ̀ dín kù lọ́bẹ̀. Wọ́n ní láfún àwọn ti di ohun tí wọ́n ń gbé mì bí oògùn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a padà lọ: 1.5, eGFR 39. Dókítà mìíràn la bá níbẹ̀. Ó na ife kékeré kan sí màámi, ó ní kí wọ́n bá òun gba ìtọ̀ àárọ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré wá. Albumin inú ẹ̀, ìyẹn oríṣi púrótéènì kan, ni wọ́n máa fi wé creatinine: tí kò bá tó mílígírámù 30 sí gírámù creatinine kan, kò léwu, tó bá ti kọjá 300, ó ti le. Mo bi í pé ṣé ife yìí lè ṣe iṣẹ́ kẹ́ẹ̀gì ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, fún ọ̀pọ̀ aláìsàn. Mo jáde síta lọ mumi.

Kúlà yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilé. Mo fi omi gbígbóná àti Hypo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, màámi ní ìrẹsì àwọn ò ní wọnú ẹ̀ mọ́ láyé. Mo ra òmíràn fún wọn ní Kútọ̀. Ó wọ́n ju àyẹ̀wò lọ.