Bí ẹ ṣe lè ka ìtàn ọmọdé ayé àtijọ́ láti ara eegun àti eyín

Ohun kan wà tó máa ń dùn mí nínú iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n bá hú itẹ́ òkú àtijọ́, eegun àgbà ni wọ́n máa ń wọ̀n, òun ni wọ́n máa ń kọ ìwé lé lórí, tó bá kan ti ọmọdé wọ́n á kàn kọ "ọmọdé kan" sílẹ̀, wọ́n ti kọjá nìyẹn. Lọ́dún 1989 ni Grete Lillehammer, awalẹ̀pìtàn ọmọ Norway, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ayé ọmọdé, látìgbà yẹn lọ̀pọ̀ ti ń jí sí ọ̀rọ̀ yìí. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, àbí ẹ kàn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n là á fún yín.

Àṣẹ lẹ máa kọ́kọ́ gbà o. Òfin ibi tẹ́ ẹ wà ní ohun tó sọ nípa òkú, àwọn tó jẹ́ ìran òkú yẹn náà sì lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ọmọ ẹnìkan ni.

Tẹ́ ẹ bá dé ìdí ilẹ̀, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí eegun bọ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ láìmọ̀. Eegun àgbà jẹ́ 206, ṣùgbọ́n ti ọmọ tuntun lè sún mọ́ 300 torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì lẹ̀ pọ̀, àwọn míì ò ju hóró ẹ̀wà lọ, wọ́n á jọ òkúta wẹ́wẹ́ lójú ẹni tí ò mọ̀. Ẹ fi asẹ́ olójú wẹ́wẹ́ sẹ gbogbo yẹ̀pẹ̀ tó yí òkú náà ká, ẹ ya ti orí, ti àyà, ti ìbàdí, tọwọ́ tẹsẹ̀ sọ́tọ̀, kí kálukú ní láílọ́ọ̀nù tiẹ̀ tẹ́ ẹ kọ nǹkan sí lára. Ẹ ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó gbé ohunkóhun.

Tí eegun bá ti rà débi pé ẹ fọwọ́ kàn án báyìí ó ń di ẹ̀tù, ẹ má fipá yọ ọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ihò àpáta Panga ya Saidi ní Kẹ́ńyà nìyẹn: wọ́n rí i pé eegun yẹn ò lè dúró, ni wọ́n bá fi píláásítà di odidi kòtò náà pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ inú ẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí lábù, ibẹ̀ ni wọ́n ti rọra tú u. Ọmọ bí ọdún 2 ààbọ̀ sí 3 ni wọ́n bá níbẹ̀, ó ti wà nínú ilẹ̀ láti nǹkan bí 78,000 ọdún. Mtoto ni wọ́n sọ ọ́, ìyẹn "ọmọdé" ní èdè Swahili. Bí orí ẹ̀ ṣe yẹ̀ fi hàn pé wọ́n ti fi nǹkan tó ti jẹrà tì í lórí bí ìrọ̀rí, ó sì jọ pé wọ́n fi nǹkan wé e lára. Ká ní wọ́n fi ṣọ́bìrì wú u ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ orí. Eyín ni kẹ́ ẹ gbára lé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí eegun. Ẹ gbé àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ọmọ kan sórí tábìlì, kẹ́ ẹ ya ẹ́kísíréè ẹ̀. Ẹ máa rí eyín tó máa ń ká lókè, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 20 lẹ́nu ọmọ lókè nílẹ̀, ẹ tún máa rí eyín àgbà tó lúgọ sínú eegun lábẹ́ wọn, orí ẹ̀ ti le, gbòǹgbò ẹ̀ ò tíì sí, ó ń dúró de ìgbà tiẹ̀. Eyín àgbà àkọ́kọ́ tí a fi ń lọ oúnjẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dá nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ, ó máa ń yọ ní bí ọdún 6. Tí gbòǹgbò ẹ̀ bá ṣì wà ní ìdajì, ẹ ti mọ ibi tí ọjọ́ orí ọmọ náà máa bọ́ sí.

Ìgbà yẹn lẹ wá máa wọn eegun itan. Ibi tọ́rọ̀ ti dùn jù nìyí, torí pé ebi àti àìsàn máa ń dá ìdàgbà eegun dúró ju ti eyín lọ. Tí eyín bá ní ọmọ yìí jẹ́ ọdún 6, tí itan ẹ̀ sì rí bíi ti ọmọ ọdún 4, ẹ mọ̀ pé ìyà ti jẹ ọmọ yẹn. Ilé ìsìnkú abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church Spitalfields ní London, tí wọ́n hú láàárín 1984 sí 1986, wúlò gan-an fún irú ìṣirò yìí: nínú nǹkan bí 1,000 òkú tó wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ní àwo irin lára pósí tó sọ orúkọ àti ọjọ́ orí, èèyàn lè dán ọ̀nà tó ń lò wò bóyá ó péye. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin àbí obìnrin ńkọ́? Ẹ má fojú wo eegun ìbàdí ọmọdé kẹ́ ẹ dájọ́. DNA, tàbí purotéènì inú eyín, ló ń sọ ọ́ báyìí.

Tó bá di ti àìlera, ẹ mú eyín iwájú kan, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, ẹ fi èékánná rọra fà á lára láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ lè bá ilà kan pàdé níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà á. Ìgbà tí ara ọmọ ò le tàbí tí ebi pa á ni eyín ò fi lè dá dáadáa, awọ líle ara eyín kì í sì í tún ara ẹ̀ ṣe, ohun tó bá ti kọ síbẹ̀ ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Ibi tí ilà náà wà ló máa sọ iye ọdún tí ọmọ jẹ́ nígbà yẹn. Ẹ wo òrùlé kòtò ojú náà. Tó bá ní ihò wẹ́wẹ́, ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ pé kò tó, ṣùgbọ́n ẹ má sáré sọ pé àìtó èròjà áyọ́ọ̀nù inú oúnjẹ ni báwọn ará ìṣáájú ti ń sọ, ibà, aràn inú àti àìtó fítámì B12 náà lè fà á. Itan tó tẹ̀ bí ọrun lè jẹ́ ríkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àìtó fítámì D. Ọmọ jòjòló ńkọ́, ẹ fara balẹ̀ o, eegun tuntun tẹ́ ẹ rí lára tiẹ̀ lè jẹ́ pé ó kàn ń dàgbà ni.

Ẹ tún lè mọ ìgbà tí wọ́n já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ọmọ tó ń mu ọmú máa ń ní áísótóòpù náítírójìn, ìyẹn irú náítírójìn kan tó wúwo ju èyí tó wọ́pọ̀ lọ, nínú eegun àti eyín ẹ̀ tó fi bíi 2 sí 3 nínú ẹgbẹ̀rún ga ju ti ìyá ẹ̀ lọ, bí oúnjẹ bá ṣe ń rọ́pò ọmú ló ń wálẹ̀. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi mọ̀ pé ní Kellis, ní aṣálẹ̀ Íjíbítì láyé ìjọba Róòmù, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ mìíràn ní bí oṣù 6, ọmọ ò sì kúrò lẹ́nu ọmú pátápátá títí di bí ọdún 3. Lọ́dún 2019 ni wọ́n tún ṣàyẹ̀wò àwọn ìkòkò amọ̀ kéékèèké tó ní ẹnu bíi ti kẹ́tù, inú sàréè ọmọdé ní Bavaria ní Jámánì ni wọ́n ti rí wọn, wọ́n bá àmì wàrà ẹran ọ̀sìn nínú ẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí dáadáa rèé. Ọmọ tó wà lórí tábìlì yín, ọmọ tó kú ni. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó dàgbà, inú sàréè àgbà lẹ máa bá wọn. Lọ́dún 1992, olùwádìí kan tó ń jẹ́ James Wood àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọ̀wé lórí ohun tó yẹ kó máa dún létí gbogbo wa: kí àìsàn tó kọ àmì sára eegun, ó gbọ́dọ̀ pẹ́ lára èèyàn. Nítorí náà, ọmọ tí eegun ẹ̀ mọ́ tónítóní lè jẹ́ èyí tí ibà gbé lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ tó ní ilà mẹ́rin lára eyín sì ti ṣẹ́gun àìsàn lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹnìkan ló ń tọ́jú ẹ̀ kó tó yege. Ẹ wo eyín àwọn àgbà inú itẹ́ òkú kan náà, ẹ ka ilà tiwọn, ìgbà yẹn lẹ máa mọ bí ìgbà èwe ṣe rí fún àwọn tó yè é.

Ẹ má sì jẹ́ kí gbogbo ìwádìí yín jẹ́ ikú ṣáá. Nínú ihò àpáta Rouffignac ní Faransé, àwọn èèyàn fi ìka fa ilà sára amọ̀ rírọ̀, àwọn olùwádìí wọn fífẹ̀ ìka mẹ́ta àárín, wọ́n rí i pé ti ọmọdé wà nínú ẹ̀. Àwọn ilà kan wà lórí àjà ihò náà, ọwọ́ ọmọ kékeré ò lè débẹ̀. Àgbà kan ló gbé e sókè.