Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tí Ń Ra Ilé Pẹ́tẹ́ẹ̀sì Àtijọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta ni wọ́n pè mí sí láàrin ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì ti bàjẹ́ kí n tó dé. Owó tí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wọ́n ná sí wọn lára ni ó bà wọ́n jẹ́. Iṣẹ́ ilé alámọ̀ ni mo jogún lọ́wọ́ baba mi, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe. Mo gbà pé ẹni tí ó ń ka èyí ti mọ̀ pé a kì í ra ilé láìdé ibẹ̀, láìyẹ ìwé wò, láìmú lọ́yà dání. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Àwọn àṣìṣe tí ó ń dùn mí ni mo fẹ́ sọ.

Èkínní ni kí a gbà pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ni ilé. Púpọ̀ nínú àwọn ilé ńlá àárín ìlú wa ni àwọn oníṣòwò tí wọ́n lọ sí Gáná tàbí sí Òkè Ọya fi èrè ọjà wọn kọ́. Àwọn tí ó kọ́ wọn ti kú, ilé sì ti di ilé ẹbí. Ìdí-igi ni a fi ń pín ogún ní ilẹ̀ wa: bí bàbá bá ní ìyàwó mẹ́rin tí wọ́n bímọ fún un, ìdí mẹ́rin ni ó wà nílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ẹnu ọ̀rọ̀ tirẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, títí kan àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n wà nílé ọkọ. Nígbà tí ìjọba Busia lé àwọn àjèjì kúrò ní Gáná ní 1969, ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ni ó padà wálé, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Ìdí kan lè wà ní Tamale títí di òní tí ẹnikẹ́ni kò ní dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ mú owó wá. Bí olórí ẹbí bá ta ilé láìgba ìyọ̀ǹda àwọn aṣojú ìdí kọ̀ọ̀kan, wọ́n lè ní kí ilé-ẹjọ́ fagi lé e. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn ọmọ ẹbí ni wọ́n tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, títà náà kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ ọkùnrin kan tí ó sanwó fún àbúrò tí ó ń gbé inú ilé. Ó ti kan páànù tuntun sórí ilé náà tán kí àwọn ọmọ ìyàwó kejì tó gbé ìwé ilé-ẹjọ́ dé. Páànù náà ṣì wà níbẹ̀, òun kò sì lè ṣí i.

Lẹ́yìn tí gbogbo ẹbí bá ti fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àkóso gómìnà, ó sì béèrè ìyọ̀ǹda rẹ̀ kí títà ilé ìgboro tó pé. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín lépa rẹ̀ dé Sẹkitéríàtì ní Àgọ́dì, Ìbàdàn, kí ẹ tó pe oníṣẹ́ kankan.

Èkejì ni àìbéèrè ibi tí wọ́n sin àwọn òkú sí. Inú ilé ni àwọn baba wa máa ń sin àgbàlagbà sí, nínú yàrá, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ní iwájú ilé, a sì ti rí olùrà tí ó ní kí wọ́n gbẹ́ ihò ṣáláńgá sí àgbàlá tí ó bá sàréè pàdé. Ẹ béèrè, kí ẹ sì jẹ́ kí ìwé àdéhùn sọ ọ́ kedere bóyá àwọn ọmọ yóò máa wá sí ojú sàréè náà, àti ìgbà wo.

Ẹ̀kẹta: ẹ má ṣe ra ilé tí ayálégbé wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú èrò pé wọn yóò kó jáde fúnra wọn.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù lọ, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ṣìmẹ́ǹtì. Ilé tí à ń sọ yìí, amọ̀ ni, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ dà. Wọ́n po yẹ̀pẹ̀ pupa mọ́ omi, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dọ́gba, wọ́n sì mọ ọ́n ní ìpele-ìpele, ìpele kan a gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, òpó iwájú ilé, òdòdó tí wọ́n ya sára ògiri, gbogbo ọ̀nà tí àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíìlì dé mú wọ Èkó ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún kí ó tó tàn dé ọ̀dọ̀ wa, orí amọ̀ ni ó dúró lé. Ìpìlẹ̀ ìgbà náà kò ní ohunkóhun tí ń dá omi ilẹ̀ dúró. Nítorí náà, ògiri a máa fa omi láti ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò, a sì máa tú u jáde lára nígbà tí oòrùn bá ràn sí i. Bí ó ti ń fà á ni ó ń tú u, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe dúró láti ayé àwọn baba wa. Nígbà tí ẹ bá wá fi ṣìmẹ́ǹtì líle bò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹ ti dí ọ̀nà tí omi ń gbà jáde, omi kò sì ní dẹ́kun wíwọlé. Yóò máa gòkè nínú ògiri, ìsàlẹ̀ ògiri yóò máa rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò jinná, ojú ìta yóò sì máa dán. Amọ̀ a máa wú díẹ̀ nígbà tí ó bá tutù, a sì máa sún kì nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n ṣìmẹ́ǹtì kò mọ ìyẹn. Ó di dandan kí ó sán, kí òjò gba ojú ibi tí ó sán wọlé, kí ó má sì rí ibi jáde. Ẹ fi ìka kan irú ògiri bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dún bí akèrègbè òfìfo, ó ti bọ́ lára amọ̀.

Mo mọ èyí nítorí pé ọwọ́ mi ti ṣe é rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, màmá àgbàlagbà kan bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí ilé ọkọ òun dán kí àwọn ọmọ tó dé fún ìrántí bàbá wọn. Baba mi ní kí n má ṣe é. Mo ṣe é, mo tilẹ̀ fi wáyà há a kí ó lè di ògiri mú. Ní òjò ọdún kejì, igun ẹ̀yìn ilé náà wó ní òru, ó sì wó lé ibùsùn tí ọmọ-ọmọ màmá náà máa ń sùn sí. Ọlọ́run ni ó yọ ọmọ náà, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà ni ó sùn sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo mọ igun náà padà láìgba kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n bí màmá náà ṣe wò mí ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò lójú mi.

Àwọn olùrà máa ń bi mí pé, ṣebí àwọn baba wa náà fi ṣìmẹ́ǹtì rẹ́ ilé wọn? Òótọ́ ni. Ẹ wo àwọn tí ó ṣì dúró dáadáa nínú wọn: etí òrùlé wọn yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀ṣọ̀rọ̀ kì í fi kan ògiri, ẹnìkan sì wà nínú ilé tí ń dí ibi tí ó bá sán lọ́dọọdún. Ilé tí ẹ̀yin ń rà ti lè ṣófo fún ọdún mẹ́wàá. Bí ṣìmẹ́ǹtì àtijọ́ bá ti wà lára rẹ̀, ẹ má ṣe gbé òmíràn lé e. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ kàn án káàkiri, kí ó ṣí gbogbo ibi tí ó ti bọ́, kí ògiri rí gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn fi gbẹ, kí wọ́n tó fi amọ̀ tí a po koríko gígé mọ́ rẹ́ ẹ padà. Ẹ la gọ́tà yí ilé ká kí omi má ṣe dúró ní ẹsẹ̀ ògiri. Sùúrù ni iṣẹ́ yìí ń gbà ju owó lọ, ẹni tí ó bá sì ti òkè òkun wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè dúró parí rẹ̀. Kí ó fi ẹni tí ó fọkàn tán tì í.

Dẹ́kì, ìyẹn kọnkéré tí a ń dà dípò àjà onígi, burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá yunifásítì LAUTECH sílẹ̀ ní 1990 ni àwọn ènìyàn ti ń wá ilé ńlá tí wọn yóò sọ di ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì máa ń fẹ́ ni kí a yọ igi àjà, kí a da dẹ́kì. Dẹ́kì tí ó nípọn tó íǹṣì 6 wúwo tó nǹkan bí kílò 360 lórí mítà kan níbùú lóròó, èyí tí ó ju àpò ṣìmẹ́ǹtì méje lọ. Orí ògiri amọ̀ ni ẹ fẹ́ gbé e lé. Mo ti kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, n óò sì tún kọ̀ ọ́.

Igi àjà fúnra rẹ̀ kì í sábà ní ìṣòro bí ó bá jẹ́ ìrókò. Ẹ fi ọ̀bẹ gún ibi tí orí igi ti wọ inú ògiri, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rinrin máa ń wà, ibẹ̀ náà ni ikán máa ń kọ́kọ́ dé.

Ẹ má ṣe yọ ilẹ̀kùn gbígbẹ́ tà fún àwọn tí ń ra ohun àtijọ́ kiri. Òfin Nàìjíríà kò gba kí a kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní orílẹ̀-èdè yìí láìgba ìwé àṣẹ, ilé tí ó bá sì ti pàdánù ilẹ̀kùn ojú ọ̀nà rẹ̀ kì í ní iye tí ó ní tẹ́lẹ̀ mọ́.

Èyí tí ó kù ni ìgbà tí ẹ lọ wo ilé. Ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn alágbàtà máa ń mú olùrà wá, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ tí gbogbo ògiri sì le. Bí ẹ ti ń náwó tó yìí, ẹ padà wá ní oṣù kẹsàn-án, ní ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ gan-an. Ẹ mú agboòrùn, ẹ lọ dúró sí ẹ̀yìn ilé níbi tí wọn kì í fi han àlejò, kí ẹ sì wo ibi tí ọ̀ṣọ̀rọ̀ ń dà sí.