Wáyà Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Tó Ń Dá Iṣẹ́ Dúró: Ìbéèrè Tí Ẹ Kì Í Yé Bi Wá

Láti Ọláìyá dé Òkè-Fíà, ẹjọ́ kan náà ni àwọn oníkáfé Òṣogbo ń rò. Ẹ ka èyí kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè: Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.
Ìdáhùn: Ẹ yọ wáyà rẹ̀, ẹ tì í bọ̀ ọ́ títí yóò fi dún. Iná ihò rẹ̀ kò tàn? Ẹ gbé e sí ihò mìíràn lára switch, àpótí tó so gbogbo wáyà pọ̀.

Ìbéèrè: Gbogbo wọn kú pọ̀.
Ìdáhùn: Ṣé switch gba iná?

Ìbéèrè: Ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn ń já lemọ́lemọ́.
Ìdáhùn: Ẹ wọn wáyà náà. Mítà 100 ni òpin wáyà Cat5e, láti ẹnu dé ẹnu. Bó bá gùn jù, ẹ fi switch sí àárín.

Ìbéèrè: Iná switch ń ṣẹ́jú wìrìwìrì, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sẹ́ni tó lè ṣí nǹkan kan. Bí a bá pa á tí a tún un tàn, kì í pẹ́ tó fi tún bẹ̀rẹ̀.
Ìdáhùn: Wáyà ti po yíká. Bóyá ẹni tó ń gbálẹ̀ rí ẹnu wáyà tó so rọ̀, ó ṣàánú rẹ̀, ó tì í bọ ihò tó ṣófo. Ìkéde tí kọ̀ǹpútà bá ṣe, switch á fọ́n ọn sí gbogbo ihò yòókù. Wáyà tó po á gbé e padà wá, switch á tún fọ́n ọn. Kò sí ohun tó ń ka ìrìn rẹ̀ nínú Ethernet, ìlànà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì oníwáyà ń lò, nítorí náà kì í kú. Ó ń bí sí i ni, títí ọ̀nà yóò fi kún.

Ẹ má ra switch tuntun! Ẹ yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan; èyí tó so switch mọ́ switch ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ. Ẹ ka dé márùn-ún, ẹ wo iná. Bí kò bá rọlẹ̀, ẹ yọ òmíràn, ẹ má dá ti àkọ́kọ́ padà, torí bó bá po níbi méjì, ẹ ò ní rí i láéláé. Èyí tẹ́ ẹ yọ tí iná fi rọlẹ̀, ẹ tọ̀ ọ́ dé ẹnu kejì. Ẹ wo ẹ̀yìn rúùtà pẹ̀lú: wáyà méjì láti ara switch kan ṣoṣo máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ nọ́ńbà sí ẹnu wáyà méjèèjì.

Ìbéèrè: Ṣé a ò lè fi wáyà méjì so switch méjì, kí ọ̀kan máa dúró de èkejì?
Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, bí switch méjèèjì bá ní spanning tree (ètò tó ń dí wáyà kejì títí wọn yóò fi nílò rẹ̀) tó wà ní títàn. Olówó pọ́ọ́kú kì í sábà ní in. Iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n nìyẹn. Kó tó dé, ẹ yọ wáyà kejì.