Bí mo ṣe wọn àrà tuntun Microsoft lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ọ̀gá àgbà

Àríyànjiyàn àwa tí à ń ta kọ̀ǹpútà ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta, ni pé ṣé Satya Nadella tó di ọ̀gá àgbà ló sọ Microsoft di ilé-iṣẹ́ tó ń dá àrà, àbí ó kàn bá àrà nílẹ̀ ni. Èmi ni wọ́n ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́ ni mo kọ́kọ́ mú. Nadella gba ipò lọ́wọ́ Steve Ballmer ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì, 2014. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ni ọdún ìṣirò Microsoft ń parí, nítorí náà ti Ballmer ni oṣù méje gbáko nínú ọdún 2014 wọn, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje 2013. Ọdún 2015 wọn ni àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti Nadella látòkèdélẹ̀. Ẹni tí kò bá ya èyí sọ́tọ̀, ìṣirò rẹ̀ ti wọ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Mo wá fa òpó mẹ́rin sórí Excel: orúkọ ọjà, ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tàbí tí wọ́n kéde rẹ̀, ìgbà tó dé ọwọ́ oníbàárà, àti bóyá wọ́n ṣe é nílé àbí wọ́n rà á. Inú òpó kejì ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó ń yọ àdìrẹ nínú aró ní Ìtòkú lè má jẹ́ ẹni tó dì í. Office fún iPad jáde ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta, 2014. Nadella kò tíì lo oṣù méjì. Ta ló ń kọ irú sọ́fítíwià bẹ́ẹ̀ tán láàárín ọ̀sẹ̀ méje? Ti Ballmer ni. Wọ́n kéde Azure, iṣẹ́ yíya agbára kọ̀ǹpútà lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní 2008, ó di títà ní 2010. Ṣùgbọ́n Nadella ló ń darí ẹ̀ka tó ni ín kó tó di ọ̀gá àgbà, nítorí náà mo kọ ìbí rẹ̀ fún Ballmer, mo kọ títọ́ rẹ̀ fún Nadella. LinkedIn (2016, bílíọ̀nù 26.2 dọ́là) àti GitHub, ìkànnì àwọn tó ń kọ sọ́fítíwià (2018, bílíọ̀nù 7.5), ńkọ́? Rírà ni, n kò kà wọ́n.

Ohun tí ọ̀gá bá pa náà ní máàkì tirẹ̀. Ballmer ló ṣàdéhùn láti ra iṣẹ́ fóònù Nokia ní 2013. Ní oṣù Keje 2015, Nadella gbà pé owó ti wọgbó, wọ́n sì pa bílíọ̀nù 7.6 dọ́là rẹ́ nínú ìwé. Máàkì gidi nìyẹn lójú tèmi.

Ní ti owó, Form 10-K, ìwé ìṣirò ọdọọdún ilé-iṣẹ́, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì SEC, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìpín-ìdókòwò ní Amẹ́ríkà. Ctrl+F ni kẹ́ ẹ tẹ̀, kẹ́ ẹ wá “Research and development”. Ní 2014, bílíọ̀nù 11.4 dọ́là ni wọ́n ná sórí ìwádìí nínú 86.8 tó wọlé, bí ìdá 13 nínú 100. Ní 2024, 29.5 nínú 245.1 ni, ìdá 12. Ẹni tó bá ka dọ́là nìkan á ní ó ti ju ìlọ́po méjì lọ, kò ní rí i pé ìdá rẹ̀ dín. Ẹ má sì ṣẹ́ ẹ sí náírà o! Náírà 2014 kọ́ ni náírà 2024.

N kò lo iye owó ìpín-ìdókòwò, torí ìpín lè wọ́n láìsí àrà kankan. Iye pátẹ́ǹtì, ìwé ẹ̀tọ́ lórí àrà tuntun, náà ń tanni jẹ: ọdún mélòó kan ló ń gbà kó tó jáde, èyí tó jáde lọ́dún àkọ́kọ́ ọ̀gá tuntun, ọ̀gá àná ló béèrè fún un.

Èsì tí mo gbé fún wọn ni pé ọwọ́ Nadella dá jù níbi títọ́ ohun tó bá nílẹ̀ àti jíjá ohun tí kò dára sílẹ̀. Òpó ohun tó bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ kúrú. GitHub Copilot, tó ń bá ènìyàn kọ kóòdù, tí wọ́n gbé jáde fún ìdánwò ní 2021, ló lágbára jù níbẹ̀, ọpọlọ ilé-iṣẹ́ mìíràn, OpenAI, ló sì fi bẹ̀rẹ̀.