Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn tó ń dùn mí: ohun tí èsì MRI sọ, àti ohun tó ràn mí lọ́wọ́

Bí mo bá jókòó pẹ́, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn á máa ro mí, á sì ta dé ìdí. Láàárọ̀, àtibẹ̀rẹ̀ wọ bàtà di ogun. Mo fi róòbù pa á, mo lo oògùn ara ríro, mo dùbúlẹ̀ sinmi. Ìdùbúlẹ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kó le sí i.

Èsì MRI, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà, ní "disc desiccation L4/L5, mild bulge". Àyà mi já. Oníṣẹ́ físíò ló là á yé mi: tìmùtìmù àárín eegun ìbàdí kẹrin àti ìkarùn-ún ló ń gbẹ, ó yọ síta díẹ̀, kò tẹ iṣan ìmọ̀lára (nerve) kankan. Àgbéyẹ̀wò kan ní 2015 rí irú gbígbẹ yìí lára nǹkan bí 73 nínú 100 ẹni ọdún 50 tí ẹ̀yìn ò dùn rárá!

Ìrìn ojoojúmọ́ ló ṣiṣẹ́, mo ń fi kún un díẹ̀díẹ̀. Mo tún ń fẹ̀yìn lélẹ̀, ká orúnkún, gbé ìdí sókè, ka 5, kí n tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mi ò sì jókòó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ láìdìde. Ó gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó fúyẹ́.

Ó lè má bá gbogbo ara mu. Bí abẹ́ bá kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ kọ̀ tí kò jáde, ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.