Bí mo ṣe wo ìwà olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lẹ́nu iṣẹ́

Olùkọ́ 14 ni wọ́n ní kí n wò ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan lẹ́bàá Ìbàdàn. Káfíńtà wà nínú wọn, wẹ́dà, mẹkáníìkì, oníṣẹ́ iná, títí kan àwọn tó ń kọ́ni ní aṣọ rírán. Kì í ṣe ọwọ́ wọn ni mo fẹ́ dán wò. Ta ni èmi tí n ó wá sọ fún wẹ́dà bóyá ó mọ irin jó? Ìyókù ni: bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń gbọ́ tẹnu ẹlòmíì, ohun tí wọ́n ń ṣe bí nǹkan bá dàrú. Òyìnbó ń pè é ní soft skills. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà pè é ní "ìwà lẹ́nu iṣẹ́", orúkọ yẹn ni mo sì mú lò.

Fọ́ọ̀mù ni mo kọ́kọ́ pín. Ìbéèrè 20, kí olúkúlùkù fún ara rẹ̀ ní máàkì láti 1 dé 5. "Mo máa ń ní sùúrù fún akẹ́kọ̀ọ́." Kí lẹ rò pé wọ́n máa kọ? Mẹ́rin, márùn-ún, márùn-ún, mẹ́rin. Bàbá kan tó ti ń kọ́ni kí wọ́n tó bí mi tiẹ̀ bi mí pé, "Ọmọ mi, bí mo bá kọ 2, ṣé wọn ò ní fi gbé mi kúrò níbí?" Mi ò lè bá bàbá jiyàn. Ẹnì kan ṣoṣo ló fún ara rẹ̀ ní 2 lórí sùúrù, wẹ́dà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Mo kó fọ́ọ̀mù yẹn tì. Mo tún rí i pé ọ̀rọ̀ náà gan-an, "sùúrù", ti fẹ̀ jù. Lójú ẹnì kan, kéèyàn má pariwo ni. Lójú ẹlòmíì, kó tún un kọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ni. Nítorí náà mo yọ orúkọ ìwà kúrò, mo kọ ohun tí ojú lè rí. Bí ọmọ bá ba iṣẹ́ jẹ́, ṣé ìbéèrè ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu olùkọ́ ni àbí èébú? Bó bá béèrè nǹkan, ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ló fi dúró kó tó fúnra rẹ̀ dáhùn? (Mary Budd Rowe, olùwádìí kan nípa ẹ̀kọ́, ti ṣe irú kíkà yìí ní Amẹ́ríkà láyé àwọn ọdún 1970, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í dúró ju bíi ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ.) Ẹ̀kẹta: tó bá ń tún iṣẹ́ ọmọ ṣe, ṣé ó gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Àwa méjì la jókòó sẹ́yìn, èmi àti àǹtí kan tó ń kọ́ni níbòmíì. Kálukú ń kọ tirẹ̀, a kì í wo ti ara wa. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ìwé wa ò bára mu rárá. Káfíńtà kan wí fún ọmọ pé, "Ìwọ yìí, ṣé eyín lo fi ń fá pákó yìí ni?" Mo kọ èébú. Àǹtí kọ ẹ̀fẹ̀. A bi ọmọ náà lẹ́yìn kíláàsì, ẹ̀rín ló bú sí. Láti ọjọ́ yẹn, ojú ọmọ la kọ́kọ́ ń wò ká tó kọ ohunkóhun.

Ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, iná jó irin pẹlẹbẹ kan lu. Olùkọ́ gbé e sókè sí oòrùn, ó yọjú láti inú ihò náà wo ọmọ tó ni ín. "Kí ló fa eléyìí?" Ó dákẹ́. Mo kà á dé 7. "Iná ti pọ̀ jù, sà." "Ó dáa, dín in kù." Òun ni ẹni tó fún ara rẹ̀ ní 2. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹ bi ìyàwó mi. Mo máa ń pariwo nílé."

Káfíńtà mìíràn, tó kọ 5 láti òkè délẹ̀, gba ayùn lọ́wọ́ àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Ẹni ire ni o. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá lẹ́bàá títì ló ti kọ́ṣẹ́ kó tó wọlé ẹ̀kọ́. Níbẹ̀, pákó oníbàárà ni gbogbo pákó. Bí ọmọ iṣẹ́ bá gé e wọ́, ọ̀gá ló máa ra òmíràn. Ó bá kẹ́kọ̀ọ́ láti tètè gba ayùn. Ṣùgbọ́n pákó ilé ẹ̀kọ́, ká gé e wọ́ la ṣe rà á.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ mọ ẹni tó ṣe ipò kìíní àti ẹni tó gbẹ̀yìn. Mi ò fún un. Mo ṣàlàyé ohun tí a rí lápapọ̀ fún un, mo sì fi ìwé olúkúlùkù olùkọ́ lé òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ ní kọ̀rọ̀. Káfíńtà wo iye 9 yẹn títí. "Mẹ́sàn-án? Èmi?"

Mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì. Ó ń rìn láàárín àwọn tábìlì, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n dè. Ó ṣì gba ayùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.